Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alájà Méjìlá ti Hieronim Pyzalski

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ṣeé fi mọlé ni, ìlú Kalinogród ìbá ti ga ju Warsaw lọ láyé ìgbà Hieronim Pyzalski. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ṣe Olórí Ìlú wa, n kò sì rántí ọjọ́ kan tó la ẹnu tó sì pa á dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, á kí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbẹ́ kànga, á sọ̀rọ̀ lórí ipa tí omi ń kó nínú ìlọsíwájú ọmọ ènìyàn. Kí ife omi tó dé ọwọ́ rẹ̀, òùngbẹ á ti mú gbogbo ẹni tó dúró tì í.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ilé ìkàwé ìlú ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún, lókè ọ́fíìsì rẹ̀ gan-an. Pákó ló pààlà sí àárín wa, pákó kò sì mọ àṣírí í bò. Ohun tí ojú mi ò rí níbẹ̀, etí mi gbọ́ ọ. Èyí tí etí mi ò gbọ́, Kalinogród kéré, ẹnìkan á ti wá sọ ọ́ fún mi kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ẹ má rò pé a bí i bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, aṣọ àgbẹ̀ ló ń lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ta tíkẹ́ẹ̀tì rí ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó máa ń kí ènìyàn, ó máa ń fún wọn ní ṣéńjì pé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jókòó sórí àga Olórí Ìlú ni nǹkan yí padà. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ó ti hu irunmú, ó ti ń fi òróró pa á. Kí oṣù kan tó pé, kò mọ ilẹ̀kùn í ṣí fúnra rẹ̀ mọ́. Á dúró níwájú rẹ̀ bí ẹṣin tó dé etí odò, títí ẹnìkan á fi sáré wá ṣí i.

Ẹni tó sábà máa ń sáré wá ni akọ̀wé rẹ̀, Eustachy Gładysz, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí orí tó ń mì lójoojúmọ́ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gładysz ní ìwé pupa kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ọ̀rọ̀ Wúrà. Ohunkóhun tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ, inú rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú déètì àti wákàtí. Bí Pyzalski bá wo ojú ọ̀run tó ní òjò yóò rọ̀, Gładysz á kọ ọ́, á mí kanlẹ̀, á ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ lèyí. Bí òjò náà kò bá wá rọ̀, wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ pé kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà yà sọ́tọ̀ fún orúkọ ẹni la ń ṣe, ọjọ́ ìbí kò tó nǹkan. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ àwọn Hieronim. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò láti àtẹ̀gùn ọ́fíìsì títí dé ilé búrẹ́dì, kálukú pẹ̀lú òdòdó pupa kan lọ́wọ́, ẹgbẹ́ afunfèrè ti àwọn panápaná á sì fun orin kí ó pẹ́ láyé. Òfin kan ni pé orin kò gbọdọ̀ dákẹ́ bí ọ̀gá kò bá tíì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Lọ́dún kan ó gbàgbé ife náà sọ́wọ́. Wọ́n fun orin náà nígbà mọ́kànlá, bàbá tó ń fun fèrè ńlá sì ṣubú lulẹ̀. Pyzalski ní ìfẹ́ ló ṣubú lù ú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, lẹ́tà kan dé láti Warsaw. Ó ní Kọ́múrédì Ignacy Wolański, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín sìmẹ́ǹtì fún gbogbo orílẹ̀-èdè, yóò wá bá wa ṣe àjọ̀dún ìkórè lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù kẹsàn-án. Pyzalski ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde dúró láti kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ kejì òun àti Gładysz wọ mọ́tò, wọ́n lọ yẹ ọ̀nà tí àlejò yóò gbà wọlé wò. Ọ̀nà náà dára, ó ní igi ápù lọ́tùn-ún lósì. Ohun kan péré ló bà á lójú jẹ́, ilé Leokadia Kurpiewska.

Opó ni Leokadia, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ilé pákó kékeré rẹ̀ wà ní òdìkejì oko ọ̀dùnkún kan, ó jìnnà díẹ̀ sí títì, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ bí ẹni tó ń dẹ etí. Ìgbà ìrúwé tí ogun parí ni ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ, pẹ̀lú pákó afárá tí bọ́ǹbù fọ́. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́sàn-án ló ń sìn, ó sì ń gbin òdòdó pupa sínú ìkòkò lójú fèrèsé. Láti ọdún tí Pyzalski ti gorí àga ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tó ń retí yàrá nínú ilé ìjọba. Lọ́dọọdún ni Pyzalski ń sọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ilé náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọọdún ni ìyá náà ń wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ló ń rí.

Wọ́n pèpàdé. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìgbìmọ̀ dábàá pé kí wọ́n fún ìyá náà ní ìṣó àti pákó díẹ̀, pé ọjọ́ méjì tó láti tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Pyzalski wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n ta agogo ìlú.

"Títún òrùlé ṣe," ni Pyzalski wí, "kò ní ìran nínú. Kí ni àlejò wa yóò rí níbẹ̀? Ahéré. Kí ni ahéré ń sọ fún un? Ó ń sọ pé àná ò tíì lọ. Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ mi, a ò lè jẹ́ kí àná jókòó sétí títì kó máa yọ ahọ́n sí ọ̀la."

Gładysz kọ ọ́. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí ni pé wọn yóò mọ ògiri pákó kan síwájú ilé ìyá náà, wọn yóò sì ya àwòrán ilé tuntun sí i lára, kí ẹni tó bá ń kọjá nínú mọ́tò lè rí Kalinogród bí yóò ṣe rí lọ́la. Ẹnìkan pe ohun náà ní ọgbà. Pyzalski bá a wí, ó ní orúkọ rẹ̀ ni Ojú Ọ̀la. Pákó tí wọ́n fẹ́ fi tún ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ni wọ́n kó wá.

Walenty Mróz ni wọ́n pè láti ya àwòrán náà, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń kun páálí sinimá fún wa, tí gbogbo akọni tó bá yà máa ń jọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè àjà mélòó ni kí òun yà sí i. Ẹnìkan ní mẹ́rin. Pyzalski ní mẹ́rin ni ti ìlú tí kò ní àfojúsùn. Ẹlòmíràn ní mẹ́fà, Gładysz sì ní pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé òun ti ń rí mẹ́jọ lójú àlá. Bí ẹni ń ta gbàǹjo ni wọ́n ṣe ń gùn ún lọ títí wọ́n fi dé méjìlá. Pákó náà kò ga ju ọkùnrin mẹ́ta tó gorí ara wọn lọ, nítorí náà Mróz ní láti ya fèrèsé kọ̀ọ̀kan bí ojú ìwé, kí ó lè dà bí ilé ńlá tó wà lókèèrè. Ó ya aṣọ fèrèsé sí wọn, ó ya obìnrin kan tó ń bomi rin òdòdó. Pyzalski wá ní kó ya ọkùnrin kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta, ọkùnrin tó dúró dáadáa, tó ń wo iwájú. Ó ní kò pọn dandan kí irunmú ọkùnrin náà jọ ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ó bá jọ, òun kò ní bínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ògiri náà dúró, ilé Leokadia ṣókùnkùn bí inú àpò. Ó ń tan fìtílà ní ọ̀sán gangan. Òdòdó inú ìkòkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gba ọ́fíìsì Olórí Ìlú lọ.

"Ọmọ mi," ló wí, nítorí láyé bàbá Pyzalski ló ti mọ̀ ọ́n, "ẹ ti dí fèrèsé mi. Mi ò rí ọwọ́ ara mi nínú ilé mọ́."

Pyzalski dìde. Ó máa ń dìde bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀. "Ìyá Leokadia, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí ìtàn ṣe ń rìn fún yín. Ẹlòmíràn, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ìtàn máa ń gbà kọjá. Tiyín, ó dúró sójú fèrèsé yín gan-an. Ẹ̀yin nìkan ni opó tó ń gbé lẹ́yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjìlá ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹlòmíràn ìbá máa jó."

"Ta ló ń gbé inú ẹ̀?"

"Inú kí ni?"

"Inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi ń fi ẹnu kọ́lé fún mi. Mo ní kí n wá bi yín, bóyá èmi náà ni mò ń gbé inú ẹ̀ tí mi ò mọ̀."

Láti òkè lọ́hùn-ún, mo gbọ́ bí bírò ṣe jábọ́ lọ́wọ́ Gładysz. Pyzalski pọ́n títí dé etí. Kí ìyá náà tó délé, àṣẹ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ mẹ́ta sí i. Àṣẹ náà ní kò gbọdọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè títí àlejò yóò fi lọ. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ké láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì. Ó sì ní kí oṣù tó parí, wọn yóò wó ilé rẹ̀ palẹ̀, nítorí pé ó ń ba ẹ̀yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jẹ́.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kò jẹ́ kí ó lè jókòó. Ó kà á, ó tún un kà lẹ́bàá fìtílà, lẹ́yìn náà ó gbé búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa jáde fún Mróz, tó wà lórí àkàbà tó ń kun aṣọ fèrèsé àjà kẹfà. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé ẹni kò gbọdọ̀ fi ebi ṣe é.

Ó ní, "Nígbà ogun, àwọn ará Jámánì wá, wọ́n kó màlúù mi. Àwọn ará Rọ́ṣíà wá, wọ́n gba aago ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó gba ìmọ́lẹ̀ nínú wọn."

Mróz gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀. Ó béèrè bí ìyá náà ṣe ń dé ibi kànga, ìyá náà sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí èsìsì ti ta bo hàn án, nítorí ẹ̀yìn igbó ló ń gbà yí ká. Mróz sọ̀ kalẹ̀, ó mú ayùn, ó sì gé ilẹ̀kùn kan sára ògiri náà, ó kan ìdè mọ́ ọn, ó sì fi ọ̀dà pa ojú rẹ̀ dé láàárín ìlà fèrèsé tó bẹ́ẹ̀ tí Gładysz tó wá yẹ iṣẹ́ wò lọ́jọ́ kejì kò rí nǹkan kan. Ẹ rántí pé fèrèsé náà kò ju ojú ìwé lọ. Ilẹ̀kùn tí ènìyàn lè gbà kọjá ti gba àjà mẹ́rin odindi.

Ọjọ́ ìkórè pé, oòrùn yọ dáadáa. Wọ́n fi búrẹ́dì àlìkámà tuntun àti iyọ̀ pàdé àlejò ní gbàgede, àwọn obìnrin sì gbé adé ìkórè wá. A ti ń retí òkìkí, ọkùnrin kúkúrú kan ló sọ̀ kalẹ̀, etí rẹ̀ tóbi, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọgbẹ́ inú kò sì jẹ́ kó mu ju wàrà lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀rọ̀ má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Pyzalski ní kò sí wàhálà, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.

Bí ó bá ti ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ tán kó jókòó, bóyá orí àga Olórí Ìlú ló ṣì wà dòní. Ṣùgbọ́n ìwé tán, ọ̀rọ̀ ò tán. Ó rí i pé àlejò ti dijú, ó sì rò pé ayọ̀ ló dì í lójú, ó wá bọ́ sórí ilé tuntun wa. Ó ní omi gbígbóná ń ṣàn ní àjà kejìlá tọ̀sán-tòru. Ó ní ìdílé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ti kó wọlé, kò sì sí èyí tó ráhùn nínú wọn. Ó ní lífítì ilé náà kò bàjẹ́ rí, a ò sì lè pè é ní òpùrọ́ lórí ìyẹn.

Lífítì ni Wolański fi lajú. Lífítì ilé tirẹ̀ ní Warsaw ti bàjẹ́ láti Ọjọ́ Àjíǹde, àjà kẹjọ ló sì ń gbé. Ó tẹ̀ sí ẹni tó jókòó tì í, ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí ní lífítì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló wí. Wolański kò sùn mọ́.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Mi ò rántí pé mo fún Kalinogród ní sìmẹ́ǹtì. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ìtara àwọn ènìyàn wa ni, Kọ́múrédì."

"Ìtara kì í dì bíi sìmẹ́ǹtì."

Pyzalski ti sọ fún awakọ̀ pé tó bá dé ibi oko ọ̀dùnkún, kó sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Awakọ̀ sáré. Wolański rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà tó ń tàn nínú oòrùn, ó sì ní kó dúró. Pyzalski ní ẹrẹ̀ pọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òjò kò ti rọ̀. Ó ní àwọn ọmọdé inú ilé náà ń ṣe àìsàn èéyi. Wolański ní òun ti ṣe é nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Pyzalski wá ní kò sí ẹnìkankan nílé, gbàgede ni gbogbo wọn wà.

"Ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta yẹn ńkọ́?" ni Wolański wí. "Mo rí i. Ó ní irunmú bíi tiyín."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba àárín oko ọ̀dùnkún kọjá. Mọ́tò àwọn afunfèrè ń tẹ̀ lé wọn bọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fun fèrè, nítorí náà wọ́n ń fun ún lọ nínú ebè. Gbogbo ìlú tó kù sì tẹ̀ lé fèrè. Èmi náà wà níbẹ̀, bàtà mi ò jọ bàtà mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé tí ènìyàn bá ń sún mọ́ máa ń ga sí i ni. Èyí ń kéré. Bí a ti ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni àjà méjèèjìlá ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, títí wọ́n fi wà ní ìwọ̀n igi ápù. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, àjà keje mì. Wolański dé iwájú ògiri náà, ó gbé ọwọ́ lé e, ọ̀dà àwọ̀ yẹ́lò sì bá a ní àtẹ́lẹwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọkùnrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta, tí kò ga ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó wo Pyzalski. Ó tún wo ọkùnrin náà. Àwọn afunfèrè dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ kan ti ké láti àjà kejì.

Àwọn yòókù dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni àjà mẹ́rin ìsàlẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá àgbà kan tó wé gèlè funfun sì jáde pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Leokadia ti retí títí kí àlejò kọjá, ṣùgbọ́n omi tán nílé. Ó rí Olórí Ìlú, ó rí afunfèrè méjìlá àti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn nínú oko ọ̀dùnkún. Ó kí wa kú ọdún ìkórè.

"Ẹ má bínú," ló wí, "ọ̀nà kànga mi nìyí."

Wolański ṣí fìlà. Ó béèrè bóyá ibẹ̀ ni ìyá ń gbé. Ìyá náà ní ibẹ̀ ni, ó sì ní kí wọ́n wọlé, pé ẹni tó gba àlejò sílé, Ọlọ́run ló gbà sílé. Wolański tẹ̀ba, ó gba inú àjà mẹ́rin wọlé. Kò pe Pyzalski mọ́ra.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹnu Leokadia fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó gbé àga fún àlejò, ó gé búrẹ́dì, ó gbé iyọ̀ tì í, ó sì fún un ní wàrà gbígbóná nígbà tó gbọ́ pé ọgbẹ́ inú ń bá a jà. Ọkùnrin náà jẹun bí ẹni tí kò rí ẹni gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló tó wo òkè.

"Ìyá, aago méjìlá ọ̀sán rèé. Kí lẹ ń tan fìtílà fún?"

"Wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síwájú fèrèsé mi."

"Ta ló ń gbé òkè?"

"Ẹyẹ ológoṣẹ́."

Ó wá gbé àṣẹ olóǹtẹ̀ mẹ́ta náà fún un. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ẹnikẹ́ni sùn; ó ní òun fẹ́ kí ẹni tó mọ òfin bá òun wò ó bóyá àwọn pẹ́pẹ́yẹ òun yóò san owó ìtanràn. Wolański kà á. Ó ní ibi pẹ́pẹ́yẹ ni òun dé tí etí òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Níta, Pyzalski dúró níwájú àwòrán ara rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Gładysz, bí ìṣe rẹ̀, ti ṣí ìwé pupa, ó fi bírò lé e, ó ń retí. Kò sí ohun tó wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́sàn-án, a gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń dún ní Kalinogród. N kò ní purọ́ fún yín, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan tí yóò dì mú, kò rí, ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Nígbà tí Wolański jáde, Gładysz ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó tẹ̀ríba, ó fi ìwé Ọ̀rọ̀ Wúrà lé e lọ́wọ́, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi ìbẹ̀rù àti ìwárìrì ṣe àkọsílẹ̀ ìwà ọkùnrin yìí, pẹ̀lú déètì àti wákàtí, pé òun kàn ń retí ẹni tí òun yóò gbé e fún ni. Pyzalski wò ó. Wọ́n ní ìwò yẹn ni ohun tó kéré jù lọ tó sọ láyé rẹ̀, òun náà ló sì yé ènìyàn jù.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí àga. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀ nílẹ̀ wa. Ìwé ìròyìn ti gbé e jáde pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjìlá ti dúró ní Kalinogród. Ẹ̀ka tó ń rí sí ilé gbígbé ti kà á mọ́ iye ilé orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìlú wá béèrè sìmẹ́ǹtì fún ilé gidi, wọ́n dáhùn pé ìlú tó ti ní ìdílé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún nínú ilé tuntun kò lè tún máa tọrọ. Wolański fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò lè pa ohun tó ti wà nínú ìwé rẹ́. Ọ̀nà kan ló kù. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún wá láti ìlú ńlá, wọ́n yẹ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí á wó o lulẹ̀. A fi òòlù méjì wó o láàárín ìdajì wákàtí. Pákó náà padà sí ilé ẹ̀kọ́, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ ń tẹ fèrèsé àti aṣọ fèrèsé mọ́lẹ̀ títí ọ̀dà rẹ̀ fi ṣí.

Ilé gidi dé lọ́dún kejì, alájà mẹ́ta. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún Leokadia ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó lọ wò ó, ó yí omi ẹ̀rọ sí, ó yí i dé, ó ní ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí pẹ́pẹ́yẹ yóò dúró sí. Ó ní kí wọ́n fún olùkọ́ kan tó ní ọmọ mẹ́rin. Wọ́n bá a tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà.

Ní ti Pyzalski, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ńlá ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń gbé e láti orí àga sí orí àpótí ni. Wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ilé ìfọṣọ, láti ilé ìfọṣọ ó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yá ọkọ̀ ojú omi nínú adágún, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ń jò. Nígbà tí ọdún 1981 fi máa wọlé, àga ti tán pátápátá. Irunmú rẹ̀ ti funfun, kò sì sí òróró tí yóò fi pa á mọ́, òróró ti di ohun tí ìjọba ń fi káàdì pín níwọ̀n-níwọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, yìnyín bo ilẹ̀, gbogbo wa tò síwájú ilé ẹran, nítorí wọ́n ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yóò dé. Ènìyàn bí àádọ́rin ló wà lórí ìlà. Pyzalski dé pẹ̀lú báàgì okùn, ó rìn títí dé iwájú bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń mú lọ fúnra rẹ̀, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó ṣí i fún un. Kò sì sẹ́ni tó bú u. Ó yí padà, ó rìn kọjá lára wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ dúró sẹ́yìn mi.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí fi dé, tó gbé ọmọ sọ́wọ́, ó sì béèrè ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè.

"Ta ló kẹ́yìn?"

Pyzalski wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí Pyzalski mí kanlẹ̀. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó fi ìka méjì fa irunmú rẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì yíjú sí i.

"Ìyá ọmọ," ló wí, "ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí ìlà yìí ṣe ń rìn fún yín."